Ọrùn Aṣọ Tí Mo Rí ní Shubaikah

Ọkọ mi ni wọ́n gbà síṣẹ́ ní Jẹ́dà, wọn ò gba èmi. Dókítà ni, ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ló fún un ní àdéhùn ọdún méjì-méjì. Èmi àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ń lọ sọ́dún mẹ́rin nígbà náà, la bá a lọ. Ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní ìkámà, abẹ́ orúkọ ọkọ mi ni wọ́n kọ èmi sí, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, kí n tó kúrò nílé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì láìkọ́kọ́ ya aṣọ náà sórí bébà. A máa sọ pé, "Aṣọ tí o ò bá lè yà, o ò lè gé e." Ìyẹn ló mú kí n yàtọ̀ láàárín àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ mi. Àwọn mìíràn ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀ kí wọ́n tó rán tiwọn, èmi a jókòó pẹ̀lú pẹ́ńsù, n ó ya ọrùn, n ó ya apá, n ó pa á rẹ́, n ó tún un yà. Nígbà tá a dé Jẹ́dà tí mo wá di ẹni tó ń jókòó sílé látàárọ̀ títí ọkọ yóò fi dé, àfi bí ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù lọ́wọ́ obìnrin ará Sùdáánì kan tó ń kó lọ sílé. Mo gbé e sí yàrá ọmọ, mo fi aṣọ bò ó.

Àwọn ìyàwó dókítà àti ti olùkọ́ yunifásítì tá a jọ wá láti Nàìjíríà ni mo kọ́kọ́ ń rán aṣọ fún. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, mo ní láti pa ẹ̀rọ mọ́ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ọkọ mi ò dá mi lẹ́kun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Ta ló wá lónìí? Ta ló rán an wá? Ṣé o mọ ọkọ rẹ̀?" Ìfura yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́, ìyẹn fífi òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà sára aṣọ, kì í ṣe ohun tí mo mọ̀ dunjú. Ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan ló mú mi mọ Àlàájà kan tó ń gbé ní Kudai, ní Mẹ́kà. Àwọn òbí Àlàájà ló gbé e wá sí Mẹ́kà nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n wá ṣe háájì, wọn ò padà sílé mọ́. Yorùbá tó ń sọ, ti àwọn arúgbó ni, ó máa ń pe fìtílà iná mànàmáná ní àtùpà. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí síbẹ̀, jọ ń gbé inú yàrá méjì lẹ́yìn ilé ìtajà kan. Àbúrò ló ń to ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń fi òwú gúnṣẹ́. Àwọn méjèèjì ò ní ìkámà. Nítorí bẹ́ẹ̀ wọn kì í wá sí Jẹ́dà rárá, torí àwọn ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà. Èmi ni mo máa ń gbéṣẹ́ lọ bá wọn, ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ mi kò ní iṣẹ́.

Mo fẹ́ràn ilé yẹn. Àlàájà a gbé tíì tó ní ewé míńtì wá, a tẹ́ aṣọ sórí itan, a máa sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. Ọmọ mi a sùn sórí ẹsẹ̀ àbúrò Àlàájà. Ìyàwó dókítà ni Àlàájà ń pè mí. Ó sọ fún mi nígbà kan pé èmi nìkan ni oníbàárà tó ń jókòó mu tíì rẹ̀ tán.

Ọdún kẹrin tá a débẹ̀ ni iṣẹ́ Obhur dé. Obhur, etí òkun ni, ní àríwá Jẹ́dà. Ilé olódi ńláńlá ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ mi ló júwe mi fún obìnrin kan tó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Obìnrin náà rán awakọ̀ rẹ̀ wá gbé mi. Ó wo ìwé àwòrán mi láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ó tún un wò láti ẹ̀yìn padà. Lẹ́yìn náà ló sọ lédè Lárúbáwá pé, "Èyí tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí ni mo fẹ́. Bí mo bá rí irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn kí ọmọ mi tó wọ̀ ọ́, má wulẹ̀ gbé e wá."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ya aṣọ yẹn. Mo ṣe ọrùn rẹ̀ bí ìtàkùn tó ti èjìká òsì sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìbàdí, ewé méje lára rẹ̀, tí ewé kẹfà dojú kọ òkè nígbà tí àwọn yòókù dojú kọ ilẹ̀. Apá rẹ̀ fún mọ́ ọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, lẹ́yìn náà ó ṣí sílẹ̀ ní ìṣẹ́po mẹ́ta, bọ́tìnì tí mo fi aṣọ wé wà lórí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Ìyá ìyàwó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n ṣe ẹ̀dà àwòrán náà fún òun kí òun lè fi han ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Mo fi àwòrán fún ọkọ mi, ó bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọrùn aṣọ nìkan ni mo gbé lọ sí Kudai, lórí bébà tó ṣeé rí òdìkejì rẹ̀, kí Àlàájà lè máa gún un.

Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, a lọ ṣe Úmúrà. Nígbà tá a parí ìjọsìn, a gba Shubaikah, àdúgbò kan nítòsí Mọ́sáláṣí Ńlá ní Mẹ́kà, kọjá láti wá oúnjẹ ọ̀sán. Ọkọ mi di ọmọ lọ́wọ́ mú níwájú, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ti rí i. Aṣọ aláwọ̀ wúrà, olówó pọ́ọ́kú, òwú ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe ọnà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàkùn mi ni. Ewé méje ni. Ìkẹfà dojú kọ òkè.

Mo wọlé, mo bi ọkùnrin tó ń tajà pé ta ló rán an. Ó ní àwọn aránṣọ ló ń gbé e wá, òun ò mọ tẹni tó jẹ́. Mo ní mélòó ló ti tà. Ó ní méjì ti lọ, ó kù mẹ́ta. Mo fọwọ́ kan apá aṣọ náà. Ìṣẹ́po mẹ́ta, bọ́tìnì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i, mo sì fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ n kò rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn, torí òun nìkan ni mo mọ̀ ní Mẹ́kà tó ti rí ọrùn yẹn.

Nínú ọkọ̀, mo sọ fún ọkọ mi. Ó bi mí pé:

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ta ló tún lè jẹ́?"

"Èmi ò sọ pé kì í ṣe òun. Mo ní ṣé ó dá ọ lójú."

"Ó dá mi lójú," ni mo wí. Irọ́ ni. Ìbínú ló pọ̀ nínú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbà á fún ìdánilójú.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ohun tí Àlàájà ti sọ rí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ wò. Kí ló dé tó fi bi mí nígbà kan pé ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù sí ìgbéyàwó? Kí ló dé tí àbúrò rẹ̀ fi máa ń ká bébà mi tọ́jú sínú àpótí dípò kó fi í sílẹ̀? Èéṣe tí Àlàájà kì í fi í gbójú sókè bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀? Ohun tí mo ń pè ní ìwà pẹ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀ di àmì ọ̀daràn lójú mi. Mo ya ọnà mìíràn tí n kò fẹ́ lò fún ẹnikẹ́ni, mo fi ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ìyàwó olùkọ́ yunifásítì, mo ń ṣọ́ ọ bóyá yóò jáde ní Shubaikah. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ méjì ni mo mú ọkọ mi wakọ̀ lọ sí Mẹ́kà, mo ń wo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó sọ ẹ̀gbà ọrùn nù. Ọnà yẹn ò jáde. Ìyẹn gan-an tún mú ara fu mí sí i. Mo ní ó ti mọ̀ pé mo ń ṣọ́ òun.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, mo lọ sí Kudai. Ọkọ mi jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ. Àlàájà gbé tíì wá, n kò fọwọ́ kàn án. Ó rí i, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Àlàájà, mo rí aṣọ kan ní Shubaikah."

"Irú aṣọ wo?"

"Èyí tó wà lórí itan yín yẹn."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbójú sókè wò mí dáadáa. "O rò pé èmi ni mo tà á?"

"Èmi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

"O ti sọ ọ́. Ìgbà tí o ò mu tíì lo ti sọ ọ́." Ó yí aṣọ náà sọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó dókítà, ọrùn nìkan lo gbé fún mi. Aṣọ tí o rí, ṣé ó ní apá?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Báwo ni apá rẹ̀ ṣe rí? Ṣé bó o ṣe ya tìrẹ ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, níbo ni mo ti rí apá tìrẹ?"

Ìdáhùn tó tọ́ wà níwájú mi bí oúnjẹ tí wọ́n bù sáwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oṣù kan fura sí ènìyàn kì í fẹ́ kí ìfura náà bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo ní bóyá ìyàwó olùkọ́ ló sọ fún un. Mo ní ta ló mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn mi. Àbúrò rẹ̀ ti yọjú láti yàrá kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń kó aṣọ mi sínú àpò, ẹnu mi sọ ohun tí mo ń gbọ́ di òní.

"Ẹ má gbàgbé pé ẹ ò ní ìwé."

Àbúrò rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń mú aláìníwèé wọ àdúgbò yẹn ní ọ̀sán gangan. Àlàájà ti lọ kírun ní Mọ́sáláṣí Ńlá. Àbúrò rẹ̀ wà nílé, ó ń to ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfurufú dá a padà sí Nàìjíríà, ilẹ̀ tí kò tẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ìyàwó olùkọ́ yunifásítì ló pè mí lórí tẹlifóònù. Ó ròyìn rẹ̀ fún mi tán, ó wá béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá wa, nǹkan tí wọ́n ní ẹ sọ fún Àlàájà, ṣé òótọ́ ni?"

"Mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lọ bá ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́," ló wí. Kò sọ pé òun gbà mí gbọ́.

Báyìí ni àwọn ìyàwó tí mo ń rán aṣọ fún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fura sí èmi náà. Kò sẹ́ni tó bá mi jà. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi ni wọ́n wá gbà, òmíràn ò sì wọlé. Bí a bá pàdé nílé ẹnìkan, ọ̀rọ̀ á yí padà nígbà tí mo bá wọlé. Obìnrin kan tí ìkámà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti parí dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi ìsọmọlórúkọ, ó lọ jókòó sí òdìkejì yàrá. Mo fẹ́ dìde kí n sọ pé, "Èmi kọ́." Ṣùgbọ́n mo ti wà níbi tí Àlàájà ti sọ irú rẹ̀ fún mi, mo sì mọ bí etí ẹni tó ti fura ṣe máa ń dí.

Ọmọ mi ló tú àṣírí, láìmọ̀ pé àṣírí wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá a bá sì bá a sọ Yorùbá, Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Òun àti bàbá rẹ̀ lọ ṣe ẹ̀dà ìwé iléèwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, ó ní àwòrán màmá wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù náà.

"Àwòrán wo?" ni mo bi í.

Ó fi ìka ya ìtàkùn sójú tábìlì, láti òkè wá sísàlẹ̀.

Mo wo ọkọ mi. Ó ti ń bọ́ bàtà, ó dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà. Ó ní òun ò wo ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ẹ̀dà yẹn fún ọ."

A padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwòrán mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, odindi rẹ̀, ọrùn àti apá. Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ tijú. Ó ní àna òun kan jẹ́ aránṣọ ní Mẹ́kà, ohunkóhun tó bá dára tó gba ọwọ́ òun kọjá, òun a ṣe ẹ̀dà kan sí i fún un. Ó tú àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún mi, ó sì béèrè bóyá mo ní òmíràn.

A ń padà sílé. Ọkọ mi ń wakọ̀, ó ń wò mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi ni mo gbé e lọ síbẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ kọ́ lo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kudai."

Mo lọ bá ìyá ìyàwó ní Obhur, mo sọ bó ṣe rí fún un pátá, mo ní mo máa ya òmíràn. Ó bi mí ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá: ta ló rí èyí tuntun, ta ló máa gún un, níbo ni bébà rẹ̀ wà. Mo ní kò sí bébà. Orí aṣọ fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sí, mo rán an láìsí ewé, láìsí ìlẹ̀kẹ̀, ìṣẹ́po nìkan láti èjìká délẹ̀. Ó pè mí wá sí gbọ̀ngàn àwọn obìnrin lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó wọlé, gbogbo ojú yí sí i, àwọn ènìyàn ń béèrè aránṣọ. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ọwọ́ àwọn àlejò ni mo ń wò, bóyá ẹnìkan gbé kámẹ́rà.

Àlàájà ti kó kúrò ní Kudai, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ibi tó kó lọ fún mi. Oṣù méje ni mo fi wá a. Ibi tí mo ti rí i ni Mọ́sáláṣí Ńlá, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, láàárín àwọn obìnrin tó ń ká ẹní. Ó ti gbẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́rọ fún un, mo tọrọ ìdáríjì.

"Mo ti mọ̀ pé ìwọ á mọ̀ lọ́jọ́ kan," ló wí.

"Àlàájà, èmi kọ́ ni mo rán wọn wá. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó wo ojú mi pẹ́. "Mo gbà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó rẹ̀ mí ni. Bí mo bá ń fura sí ọ, mi ò lè sùn, àbúrò mi ò sì ní tìtorí bẹ́ẹ̀ padà wá." Ó ká ẹní rẹ̀ tán. "Bó o bá délé, wá a. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Ó sọ àdúgbò ìbátan bàbá wọn kan fún mi, n'Ílọrin. Kò sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, èmi náà ò sì béèrè.

Àdéhùn ọkọ mi parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a padà sílé. Mo tún ṣí ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn, iṣẹ́ sì dáhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ̀ mí ń pè mí ní ayàwòrán aṣọ, wọ́n ń wá láti Èkó àti Àbújá. Kí n tó gba ọmọṣẹ́ kankan, mo lọ sí Ìlọrin. Mo bá àbúrò Àlàájà nínú ilé kan tí wọ́n ti fún un ní igun yàrá. Lárúbáwá rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ilé yẹn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó wá máa ṣe olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ fún mi, pé n ó gba yàrá fún un.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi," ló wí. "Ó ní ẹ̀yin kọ́."

"Èmi kọ́."

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò tíì mọ̀." Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò. "Ṣùgbọ́n mo máa bá yín lọ. Mo mọ iṣẹ́ náà."

Ọdún mọ́kànlá ló fi bá mi ṣiṣẹ́. Kò sí ọwọ́ tó dà bí tirẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn báyìí, wọ́n ń pè é ní Màmá Mẹ́kà. A jọ jẹun, a jọ ṣàìsùn lórí iṣẹ́ ọdún Iléyá, òun ló di ọmọ mi lọ́wọ́ mú lọ sí ìgboro lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ Yorùbá pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ fún ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì sí i kó tó kí mi. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sọ fún mi rí pé òun ti mọ̀ pé èmi kọ́.